Leôncio Aago Márùn-ún, Aṣọ́lé Fiação

Kẹ̀kẹ́ oúnjẹ kan wà ní ẹnu ọ̀nà pápá Fiação, ní ìlú Santa Filonila, tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ aró kọ “Aago Márùn-ún” sí lára. Àlejò tó bá kọ́kọ́ rí i a rò pé ìgbà tí wọ́n máa ń pàtẹ ni. Àwọn ọmọ ìlú a sì jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó bú sẹ́rìn-ín. Orúkọ ọkùnrin tó ń din pástẹ́lì lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà ni. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀, òun náà ló sì ń tún un kùn lọ́dọọdún kí ìdíje bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, torí oòrùn ìlú yẹn kì í jẹ́ kí ọ̀dà pẹ́.

Leôncio Prates ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ó ga débi pé ó ń tẹrí ba kó tó wọ ilé ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì fẹ̀ bí ewé kókò. Bó bá gbé ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò lé àtẹ́lẹwọ́, tó sì fi wàràkàṣì sí i láàárín, ojú kì í rí i mọ́ títí yóò fi bọ́ sínú epo. Odaléa ìyàwó rẹ̀ a máa fún omi ìrèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ló sì ń bá àwọn oníbàárà ṣàwàdà, nítorí ọkọ rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kì í ṣe ìtìjú ló pa á lẹ́nu mọ́. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ tó bá tó sọ kì í gùn.

Kí a tó lè mọ bí orúkọ yẹn ṣe dé orí rẹ̀, a ní láti mọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ti wá.

Ìranwú ni ìtumọ̀ Fiação. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìranwú ìlú náà ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, nígbà tí bàbá Leôncio ṣì wà lọ́mọdé. Wọn kò ní bọ́ọ̀lù, wọ́n di àkísà òwú, wọ́n sì fi okùn wé e títí ó fi le. Wọn kò ní pápá, ọ̀gá ilé iṣẹ́ fún wọn ní ilẹ̀ kan lábẹ́ ògiri, torí pé kò sóhun tó ń hù níbẹ̀. Aṣọ ẹgbẹ́ nìkan ni wọn kò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ran òwú rẹ̀, wọ́n hun ún, wọ́n sì rẹ ẹ́ sínú ìkòkò aró kan náà tí wọ́n ń rẹ ṣòkòtò iṣẹ́ sí. Aró yẹn kò di aṣọ mú dáadáa. Bí òjò bá pa wọ́n lórí pápá, aró a ṣàn sí wọn lọ́rùn, tó bá sì di ọjọ́ Ajé, ọrùn ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù lánàá. Ẹgbẹ́ tó bá dì mọ́ wọn lẹ́yìn eré a gbé díẹ̀ nínú aró náà lọ sílé. Àwọn tó fẹ́ fi wọ́n ṣẹ̀sín pè wọ́n ní Ọrùn Aró. Wọ́n gba orúkọ náà, wọ́n sì ń fi í kọrin.

Síbẹ̀, Fiação kò gòkè rí. Ìdíje bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ wọn dà bí àkàbà. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá olú ìlú wà lókè téńté, ọkọ̀ òfurufú ló ń gbé wọn kiri. Fiação wà nísàlẹ̀, níbi tí agbábọ́ọ̀lù ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tí yóò gbé àwo lé itan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó kù díẹ̀ kí wọ́n gun ìpele kan sókè. Leôncio ló ń ṣọ́lé lọ́jọ́ náà.

Ọ̀dọ́kùnrin ni nígbà yẹn. Bó ṣe ń ṣọ́lé fún Fiação lọ́jọ́ Ìsinmi, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nílé ìranwú láàárín ọ̀sẹ̀, nídìí ẹ̀rọ ńlá kan tó ń fi eyín irin ya òwú. Tó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, fèrè ilé iṣẹ́ a dún, àwọn kan a máa lọ sílé, àwọn mìíràn a wọlé. Wọn a pa iná ẹ̀rọ, wọn a sì tún tan án láìpe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ á mú un. Bento, ẹ̀gbọ́n Leôncio, fi ìka méjì sílẹ̀ nídìí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun, kí wọ́n tiẹ̀ tó fi ibi tí omi mímu wà hàn án, ni pé bí fèrè bá ti dún, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí ọ̀gá lè rí i, kó sì fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ọ̀gá a dúró lórí pẹpẹ rẹ̀, a wo igbó ọwọ́ yẹn látòkè délẹ̀, kó tó mi orí pé kí wọ́n tan iná. Leôncio ti ṣe é títí débi pé fèrè kì í gba etí rẹ̀ wọlé mọ́. Apá rẹ̀ ló ń lọ tààrà.

Ọjọ́ Ìsinmi ló yẹ kí Fiação àti ẹgbẹ́ Lagoa Torta, ìlú tó wà ní òdìkejì odò, gbá àgbákẹ́yìn ọdún yẹn. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì péré, Fiação ti gòkè nìyẹn. Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n bá sún eré di ọjọ́ Ajé. Kò sẹ́ni tó ronú kan fèrè. Ọ̀gá yọ̀ǹda àwọn agbábọ́ọ̀lù, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù sì ń jí eré wò láti ojú fèrèsé òkè ògiri.

Eré ti ń parí lọ, kò tíì sí góòlù. Ọmọ Lagoa Torta kan gbá bọ́ọ̀lù kan tí kò lágbára. Ó ń yí bọ̀ lórí koríko tútù bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí iṣẹ́ náà kò wù ú jẹ́. Leôncio bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Fèrè dún. Ó nàró, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀, ó wọnú àwọ̀n.

Ohun tí àwọn àgbàlagbà ìlú náà kì í gbàgbé ni ojú fèrèsé òkè. Gbogbo àwọn tó ń wòran níbẹ̀ ló ti na ọwọ́ sókè. Wọ́n rí i pé bọ́ọ̀lù ti wọlé, wọ́n fẹ́ ká ọwọ́ lérí, ṣùgbọ́n ọ̀gá kò tíì mi orí, ọwọ́ wọn kò sì wálẹ̀.

Wọ́n sunkún ní Santa Filonila lọ́jọ́ náà, àwọn mìíràn sì ṣépè. Nígbà tí wọ́n bi Leôncio pé kí ló ṣe é, ó wo ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó ní, “Ìka mi ṣì pé.” Wọ́n ní ìgbéraga ni. Bento nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó kù díẹ̀ kó pé yẹn di ti àbúrò rẹ̀ mú, ó ní ká ní góòlù kan ni wọ́n fi ń ra ìka ni, òun ìbá ti ra tòun padà.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Aago Márùn-ún. Àwọn ará Lagoa Torta tiẹ̀ sọ ọ́ di àṣà. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá wá gbá bọ́ọ̀lù ní Santa Filonila, tí aago márùn-ún bá lù, gbogbo wọn a dìde lórí ìjókòó, wọn a gbé ọwọ́ sókè, wọn a sì fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, bàbá, ìyá àti ọmọ. Àwọn kan nínú wọn kò mọ̀dí rẹ̀ mọ́, wọ́n ṣáà bá àṣà náà nílẹ̀ ni.

Leôncio kò sá. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orúkọ tó bá wu ni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi, ṣùgbọ́n òun kò lọ sẹ́yìn odi kankan. Ó ṣọ́lé fún Fiação títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀. Nígbà tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó ra kẹ̀kẹ́ oúnjẹ, ó sì wá ọ̀dà. Odaléa bi í pé ṣé orí rẹ̀ pé. Ó ní bí ènìyàn bá máa gbé ẹrù kan títí ayé, ó sàn kó jẹ́ kó máa pa owó wọlé.

Lẹ́yìn náà ni ilé ìranwú kógbá sílé. Wọ́n tú àwọn ẹ̀rọ tà, wọ́n sọ fèrè kalẹ̀ láti orí òrùlé bí wọ́n ṣe ń sọ ẹyẹ tí wọ́n yìn níbọn, ẹnìkan sì rà á fún irin. Fiação kò rówó san fún àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ mọ́, ó gba ìsinmi kúrò nínú ìdíje. Ìsinmi náà gùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ikú ni. Ṣùgbọ́n ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Leôncio a gé koríko pápá, a sì fi ẹfun fa ìlà rẹ̀ yípo, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì a dúró wò ó. Wọ́n ní ta ló ń fa ìlà fún. Ó ní pápá tí kò bá ní ìlà ẹfun, oko ni, àgbàdo á sì tètè gbà á.

Ẹni tó gbé ẹgbẹ́ náà dìde padà ni Marilda Zanconato, tó ní ilé oògùn ní ìdojúkọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ahunṣọ ni ìyá rẹ̀. Ó kó àwọn ènìyàn jọ, ó tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn olóko ìrèké, wọ́n sì fi í ṣe ààrẹ. Nígbà tí àwọn aṣojú àjọ bọ́ọ̀lù wá wo pápá, tí wọ́n rí ìlà funfun tó mọ́ kedere, wọ́n bi í pé ọ̀sẹ̀ wo ni wọ́n tún un ṣe. Marilda ní wọn kò tún un ṣe, wọn kò jẹ́ kó bàjẹ́ rí ni.

Fiação padà sí ìsàlẹ̀ àkàbà. Ọdún kan, ọdún kejì, wọ́n ń fìdí rẹmi. Lọ́dún kẹta, nǹkan yí padà. Wọ́n borí ẹgbẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi ku eré kan ṣoṣo kí wọ́n gòkè. Bí ayé sì ṣe máa ń ṣe nǹkan rẹ̀, Lagoa Torta ni wọ́n máa bá gbá a, ní Santa Filonila. Lọ́tẹ̀ yìí, Lagoa Torta ni àmì rẹ̀ pọ̀ jù. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, àwọn ló máa gòkè. Dandan ni kí Fiação borí.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, bí ẹnìkan bá ń wọ pápá tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe dáadáa, wọn a ní ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, wọn a ní òtútù ẹsẹ̀ yẹn ló ń mú àwọn agbábọ́ọ̀lù. Osmundo onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n rò ó wò. Ta ló wà lórí pápá lọ́jọ́ tí wọ́n pàdánù? Ta ni kò pa eré kan jẹ láti ìgbà náà? Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ọdún tí ilé ìranwú fi ń kú lọ? Ẹni tí abẹ wà lọ́rùn rẹ̀ kò lè jiyàn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó ti dé ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́. Wọ́n ní kí ààrẹ lọ bẹ Bàbá Leôncio pé kó jókòó sílé lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀.

Marilda gbé oògùn ikọ́ dání fún Odaléa, kó má bàa jọ pé nǹkan mìíràn ló bá wá. Wọ́n gbé kọfí fún un. Ó sọ̀rọ̀ oòrùn, ó sọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun tó wọ́n, ó bèèrè àlàáfíà àwọn ọmọ-ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Leôncio ń wò ó.

“Marilda ọmọ mi, kọfí yẹn ti ń tutù. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi lo bá wá?”

Ó gbé ife sílẹ̀. “Bàbá, kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́.”

“Mo mọ̀. Ta ló sọ ọ́?”

“Gbogbo wọn.”

“Gbogbo wọn kúkú ń jẹ pástẹ́lì mi.”

“Ọwọ́ tó din ín kò tutù lójú wọn,” ni Odaléa dá sí i láti ìdí ààrò. “Ẹsẹ̀ tó gbé e wá nìkan ló tutù.”

Ojú ti Marilda, ṣùgbọ́n ó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Kí Bàbá fi rédíò gbọ́ eré náà nílé. Bí rẹfirí bá ti fọn fèrè ìparí, mọ́tò á wá gbé e, wọ́n á sì gbé e lé èjìká yí pápá ká. Ó ní òun fúnra òun kò gba ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ gbọ́. Àmọ́ àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ti gbọ́ ọ, ẹ̀rù sì ti ń bà wọ́n.

Leôncio wo ojú ọ̀nà. Láti ibi tó jókòó sí, ó ń rí orí ògiri ilé ìranwú àtijọ́ àti òpó iná pápá. Ilé tí ènìyàn ti ń tọ́jú fún gbogbo ayé rẹ̀, wọ́n ní kó má wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìyàwó.

“Gbọ́,” ni ó wí. “Bí mo bá jókòó sílé tí ẹ sì borí, ẹsẹ̀ mi tutù títí láé nìyẹn. Ọmọ-ọmọ mi á máa jẹ́ ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ tútù. Bí mo bá jókòó sílé tí wọ́n sì nà yín, ẹ ó ní mo fi ẹsẹ̀ ránṣẹ́ láti ilé. Níbo ni kí n wá gbé e sí?”

Marilda tún gbé ife kọfí tó ti tutù.

“Mò ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yìn ilé góòlù apá ògiri ni mo máa dúró sí.”

“Ibi tó ti ṣẹlẹ̀ yẹn, Bàbá?”

“Ibẹ̀ gan-an.”

“Kí ni kí n wá sọ fún wọn?”

“Sọ pé mo ní bó bá tutù lóòótọ́, kí wọ́n bá mi ra ìbọ̀sẹ̀.”

Marilda jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe gbọ́ ọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn kan ń fì lẹ́nu ọ̀nà Leôncio, aláwọ̀ aró, ó nípọn bí ìrọ̀rí. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó fi í kọ́ síbẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń kọjá ń rẹ́rìn-ín sí àtẹ́lẹwọ́. Odaléa fẹ́ jù ú sínú iná. Leôncio gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ náà. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, wọ́n tóbi, wọ́n sì jọ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Bóyá nǹkan kan wà lára òun tí òun kò mọ̀, tó ń bá òun wọ pápá lọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ìbéèrè náà dúró pẹ́ ju bó ṣe fẹ́ lọ.

Odaléa yọjú láti ẹnu ilẹ̀kùn. “Wọ bàtà, ká máa lọ. Epo kò ní gbóná fúnra rẹ̀.”

Ó wọ sálúbàtà lé ìbọ̀sẹ̀, ó dìde.

Pápá kún dẹ́nu. Nígbà tí Leôncio fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún Odaléa àti àbúrò rẹ̀, tó wọlé, àwọn ènìyàn là fún un bí ẹni ń là fún ẹlẹ́rù iná. Àwọn kan fi ìka kan igi ọgbà kí aburú má bàa bá wọn. Osmundo onígbàjámọ̀ yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹnikẹ́ni kò lé e, ẹnikẹ́ni kò sì kí i. Ó rìn lọ sí ẹ̀yìn ilé apá ògiri, ó dúró lẹ́yìn àwọ̀n.

Àwọn ará Lagoa Torta nìkan ló yọ̀ nígbà tí wọ́n rí i. Wọ́n pariwo pé Aago Márùn-ún, a kí ọ o, ṣé àlàáfíà lo wà? Ó ṣí fìlà fún wọn.

Ìdajì àkọ́kọ́ parí láìsí góòlù. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ilé, Edivânio, aṣọ́lé Lagoa Torta, wá sí apá ògiri. Aṣọ́lé tó dáńgájíá ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í yọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀, ó sì ti ṣèlérí fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé lọ́dún yìí, láàárín pápá ni òun ti máa ṣe àṣà náà. Ó kí Leôncio pẹ̀lú ọ̀wọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní aago lọ́wọ́. Bó bá di márùn-ún, ṣé ẹ máa pè mí?”

“Fọkàn balẹ̀,” ni Leôncio wí. “Á bá ẹ níbẹ̀.”

Fiação gbá títí. Tarcísio, ọmọ tó ń ṣètò eré wọn láàárín, gbá ọ̀kan tó kọlu òpó. Edivânio mú òmíràn pẹ̀lú ọwọ́ kan bí ẹni ń já ọsàn. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn àwọ̀n, wọ́n ń wo ìbọ̀sẹ̀. Leôncio mọ̀ pé wọ́n ń wò ó. Kò ká ẹsẹ̀ kúrò.

Aago márùn-ún kù díẹ̀ nígbà tí agbábọ́ọ̀lù Lagoa Torta kan gbá bọ́ọ̀lù jáde sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Nildo, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn apá òsì Fiação, lọ mú un láti jù ú wọlé. Lójú ẹsẹ̀ náà ni fèrè dún. Àwọn ará Lagoa Torta ti gbé fèrè tiwọn wá, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, ohùn rẹ̀ sì jọ ti ilé ìranwú débi pé omi bọ́ lójú àwọn àgbàlagbà kan. Gbogbo wọn dìde, wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Edivânio kẹ̀yìn sí pápá. Ó kọjú sí Leôncio tó dúró lẹ́yìn àwọ̀n, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀rín.

Àmọ́ àwọn ọmọ Fiação ìsinsìnyí kò ṣiṣẹ́ nílé ìranwú rí. Lẹ́yìn tó ti kógbá sílé ni wọ́n bí púpọ̀ nínú wọn. Fèrè kò sí nínú apá wọn. Nildo ju bọ́ọ̀lù sí Tarcísio, Tarcísio gbé ojú sókè, ó rí ẹ̀yìn aṣọ Edivânio, ó sì gbá a láti ọ̀nà jíjìn.

Leôncio rí i láti orí èjìká Edivânio. Bọ́ọ̀lù náà fò, ó balẹ̀, ó fò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó mọ ìrìn yẹn. Bó bá la ẹnu báyìí, tó bá tiẹ̀ yí ojú rẹ̀ díẹ̀, ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀ á wẹ̀yìn. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ ńlá méjèèjì sókè díẹ̀díẹ̀, bí àgbà tó ń dáhùn ìkíni ọmọdé. Inú Edivânio dùn, kò retí pé bàbá náà á bá òun ṣeré. Ó dúró gbádùn rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀, ó wọnú àwọ̀n, ó wá dúró síwájú sálúbàtà Leôncio.

Àwọn tó kọ́kọ́ rí i ni àwọn ará Lagoa Torta, nítorí àwọn ló kọjú síbẹ̀. Ọwọ́ gbogbo wọn ṣì wà lókè. Ó pẹ́ kó tó wálẹ̀.

Wọ́n bá rẹfirí jà. Ó ní bọ́ọ̀lù kì í dúró de ẹni tó ń ṣeré mìíràn. Lagoa Torta kọlu Fiação bí oyin títí eré fi parí, àmọ́ ilẹ̀kùn ti tì. Fiação gòkè.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò ṣeé sọ tán. Àwọn àgbàlagbà obìnrin tó ti hunṣọ rí dì mọ́ra wọn lórí pápá. Marilda jókòó sórí koríko, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Osmundo sá wá, ó kúnlẹ̀, ó fẹnu ko ìbọ̀sẹ̀ Leôncio lójú gbogbo ènìyàn, ó ní òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹsẹ̀ Bàbá gbóná. Leôncio ní kó dìde, kó wá nǹkan mu.

Nígbà náà ni ó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Santa Filonila ti rọ̀gbà yí ilé apá ògiri ká, wọ́n ń na ọwọ́ sókè, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì ń pariwo “Aago Márùn-ún” lé Edivânio lórí. Ọkùnrin náà jókòó sídìí òpó, ó ti fi aṣọ bo orí.

Leôncio fi èjìká là wọ́n kọjá. “Orúkọ mi lẹ ń pè yẹn,” ni ó wí. “Mi ò tíì kú, ẹ ò lè pín ogún mi.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n túká. Leôncio fi ọwọ́ ti òpó, ó rọra jókòó ti Edivânio lórí koríko. Orúnkún rẹ̀ dún.

“Bàbá, ẹ rí bọ́ọ̀lù yẹn tó ń bọ̀,” ni Edivânio sọ láti abẹ́ aṣọ.

“Mo rí i.”

“Ẹ ò sì sọ fún mi.”

“O kí mi, mo dáhùn.”

Edivânio ṣí aṣọ kúrò lójú. Ó dà bí ẹni fẹ́ bínú, àmọ́ kò rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun kò ní lè padà sí Lagoa Torta. Ìyá òun wà lórí ìjókòó níbẹ̀, òun náà gbé ọwọ́ sókè.

“Wàá padà,” ni Leôncio wí. “Ọ̀la gan-an ni kó o rìn la àárín ìlú kọjá, má gba ẹ̀yìnkùlé. Ọdún àkọ́kọ́ ló máa ń wúwo.”

“Lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́?”

“Lẹ́yìn rẹ̀, wàá wá ọ̀dà.”

Kò yé Edivânio dáadáa, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé e jáde. Èrò ti ṣù bo kẹ̀kẹ́ oúnjẹ, epo ń hó, Odaléa kò sì tíì rí ìsinmi láti ìgbà tí góòlù wọlé. Ó wo ọkùnrin aláṣọ àjèjì tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó bi í pé ta nìyí.

“Aṣọ́lé ni,” ni Leôncio wí. “Fún un ní èyí tó gbóná.”